Bẹ́ẹ̀dì Ẹlẹ́sẹ̀ Pupa

Ní ìjọ wa ní Ìjerò, àga iwájú ni wọ́n ń fún mi báyìí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí, tí òórùn oògùn apakòkòrò kì í kúrò lára aṣọ mi, ẹ̀yìn òpó ni mo máa ń jókòó, kò sì sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn wò mí. Ìgbà tí mo jáwọ́ pátápátá nínú fífi ọwọ́ kan aláìsàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lórí mi níwájú pẹpẹ. Wọ́n ní Ọlọ́run ti gbé mi ga. N kò bá wọn jiyàn, torí àga iwájú ní tìmùtìmù.

Ọmọ tí mo gbà nígbà tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì kò lóǹkà. Nígbà tí mo di dáìrẹ́kítọ̀ ní Adó, tí wọ́n ní kí n máa bójú tó àwọn ilé ìlera kéékèèké ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, fáìlì ni mo ń gbà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ké rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú kí wọ́n tó dé orí tábìlì mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń di ọ̀gá, kí ó má wulẹ̀ bèèrè ìwé tí mo kà. Bẹ́ẹ̀dì kan ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fúnra mi, kí àwọn tó ń fi mí yangàn tó sọ ọ́ di ẹ̀rí nínú ìjọ.

Abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ara wọn. Ilé ìlera náà ní yàrá mẹ́ta àti òrùlé tó ń jò ní kìkì ibi tí a bá kó ìwé sí. Ó tún ní tábìlì kan tí káfíńtà abúlé kàn fún wa. Orí tábìlì yẹn ni àwọn obìnrin ń bímọ sí. Ó ga, ó le, etí rẹ̀ sì máa ń ha wọ́n lẹ́yìn itan. Ọ̀gá mi níbẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan tí gbogbo abúlé ń pè ní Màmá, ti ń kọ̀wé sí Adó fún bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí kí èmi tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rárá. Èsì tí wọ́n máa ń fún un ni pé àwọn á rán ẹnìkan wá wo bí nǹkan ṣe rí. Wọ́n sì máa ń rán ẹni náà wá lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Nígbà tí lẹ́tà bá dé pé àlejò ń bọ̀ láti Adó, kì í ṣe tábìlì yẹn ni Màmá máa ń fi hàn wọ́n. Ojú á tì wá! Ta ló ń fi ẹ̀gbin ilé han àlejò? Ní gbogbo agbègbè wa, bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí gidi kan ṣoṣo ló wà. Ó ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, fóòmù rẹ̀ kò ya, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìlera kan lójú ọ̀nà Àrámọ̀kọ. Ilé ìlera tí àlejò bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló máa ń ránṣẹ́ lọ yá a. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ló máa ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé e kiri. Abọ́ irin tó ń dán àti àlùmọ́gàjí kan tó mú dáadáa máa ń tẹ̀ lé e bí ẹrù ìyàwó. Ìyàwó náà la sì ń pè é, torí a kì í gbé e wọlé láìfi aṣọ tó dára bò ó.

"Ẹ gbé ìyàwó wọ ulé o!" Màmá á pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ rọra, ulẹ̀ ń yọ̀!"

A ó tẹ́ aṣọ olódòdó tí a yá lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀ sórí rẹ̀, a ó gbé tábìlì lọ sẹ́yìn ilé, a ó sì bu omi gbígbóná sínú abọ́ kí ó dà bíi pé iṣẹ́ ń lọ. Àlejò á dé, á fi ìka tẹ fóòmù, á mi orí, á sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé: bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, ó wà. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, torí Màmá ní ìwé tèmi dára ju tòun lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó á padà sílé, tábìlì á padà wọlé, Màmá á sì jókòó láti kọ lẹ́tà mìíràn sí Adó pé a kò ní bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má bi mí pé kí ló ń ṣe wá. Ẹnu tí a fi ń tọrọ nǹkan náà la fi ń jẹ́rìí pé a ti ní in.

Lọ́jọ́ kan, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wọ Ẹ̀fọ̀n, okùn já, ìyàwó sì já bọ́ láti inú píkọ́ọ̀pù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́. Èmi ni mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo sáré wá wẹ́dà kan nínú ìlú, ó jó irin náà pọ̀ tán, ó sì fi kókó ńlá kan sílẹ̀ níbẹ̀ bí ọrùn ẹsẹ̀ tó wú. Kò sí ọ̀dà funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà pupa tó ṣẹ́kù nínú agolo kan ni mo fi kùn ún. Àlejò dé lọ́jọ́ kejì, ó bèèrè ohun tó mú kí ẹsẹ̀ kan pupa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe àwọn tuntun, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ibi tí orí wà nígbà tí iná bá lọ. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, inú òun sì dùn.

Àmọ́ iṣẹ́ ọpọlọ mi kò tán síbẹ̀. Nígbà mìíràn, ilé ìlera méjì ni àlejò máa ń wò lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀dì sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ dé èkejì. Èmi ni mo ronú kan iyán. Kí àlejò tó wọ ọkọ̀ ni a ó ti mú un jókòó, a ó gún iyán, a ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, a kò sì ní jẹ́ kí ọbẹ̀ tètè jinná. Kò sí ọmọ Èkìtì tó máa dìde kúrò nídìí iyán tí kò tíì dé. Kí ó tó ṣan ọwọ́ tán, píkọ́ọ̀pù ti kọjá. Àwọn ènìyàn rò pé aájò àlejò ni. Aago ni iyán yẹn, èmi ni mo sì tò ó.

Fún gbogbo irọ́ yìí, wọ́n kọ ìwé ìyìn fún mi láti Adó. Wọ́n ní ilé ìlera wa wà ní mímọ́, ó sì ní gbogbo ohun èèlò tó yẹ. Ìwé yẹn ni mo mú lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tó máa lọ kàwé sí i. Mo lọ, mo kàwé, mo tún kàwé, wọ́n sì fi mí sí ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí mo kúrò lábúlé, Màmá sunkún, àwọn obìnrin fún mi níṣu, mo sì ṣèlérí fún wọn pé bí mo bá ti dé Adó, bẹ́ẹ̀dì wọn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí màá ṣe. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ lèyí.

Ohun tí mo bá ní Adó ni ẹ̀rọ amúlétutù àti ìpàdé. Ìpàdé kan wáyé ní Ìkọ́gòsì, lórí ọ̀ràn pé àwọn ilé ìlera wa kò ní omi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wà níbẹ̀. Nígbà ìsinmi, a ó ká ṣòkòtò, a ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú omi gbígbóná, a ó gbé èkejì sínú omi tútù, a ó sì máa káàánú àwọn tí kò lómi. A fẹnu kò pé ọ̀ràn náà ṣe pàtàkì, a sì ya fọ́tò.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì, mo gbìyànjú. Mo ṣí fáìlì abúlé mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí i, láti ọdún dé ọdún: bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, ó wà. Ìbuwọ́lùwé mi ló wà nísàlẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá mi nígbà náà wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo buwọ́ lù ú ni?" Mo ní èmi ni. Mo pa fáìlì dé. Mo lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ìwé ìyìn mi wà nínú fáìlì kan náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń gbé mi ga bí mo ṣe ń dákẹ́.

Ìgbà tí mo ti di dáìrẹ́kítọ̀ ni àwọn olóore kan láti òkè òkun ní àwọn fẹ́ fún wa ní bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ilé ìlera tí kò bá ní rárá nìkan ló máa rí gbà, dáìrẹ́kítọ̀ sì gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó buwọ́ lù ú. Mo mọ̀ pé bí mo bá pàdánù èyí, orí tábìlì káfíńtà ni àwọn obìnrin abúlé yẹn máa wà títí èmi náà á fi fẹ̀yìn tì. Mo bá kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ kedere: mò ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí, ẹ má yá ohunkóhun, ẹ má tún ohunkóhun ṣe, ohun tí ẹ kò ní gan-an ni mo fẹ́ wá wò.

Ó yẹ kí n mọ̀. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀, ó yẹ kí n mọ bí wọ́n ṣe máa ka lẹ́tà tó bá ti Adó wá. Ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ ni pé àlejò tó ń bọ̀ yìí le gan-an, kí oníkálukú tètè lọ yá tirẹ̀.

Ní ilé ìlera àkọ́kọ́, lójú ọ̀nà Àrámọ̀kọ, ìyàwó wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Mo rí ẹsẹ̀ pupa lábẹ́ aṣọ. Mo ní ó dáa, ilé rẹ̀ nìyí. Ní èkejì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Iyán ni. Ọbẹ̀ kò tíì jinná. Mo jókòó, mo gbọ́ nígbà tí píkọ́ọ̀pù wọ ẹ̀yìn ilé, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e sílẹ̀, mo tún gbọ́ nígbà tí ẹnìkan ń sọ pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ pupa kọjú sí ògiri. Iyán náà dùn púpọ̀. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, mo fi ìka tẹ fóòmù bí àwọn ọ̀gá mi ṣe máa ń ṣe.

Mo lè bínú níbẹ̀. N kò mọ ojú tí màá fi bínú sí ọgbọ́n ara mi.

Abúlé mi ló kàn. Mo ní kí a má dúró jẹun mọ́, àmọ́ wọ́n bẹ̀ mí títí mo fi fọwọ́ kan ẹran. Nígbà tí a dé abúlé, nọ́ọ̀sì tó gba ipò Màmá, ọmọbìnrin kan tí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ le fún sítáàṣì, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá fúnra rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí àga lábẹ́ igi ní ọ̀ọ́kán, ó ń wò mí láìrẹ́rìn-ín. Ìyàwó ti wà nínú yàrá. Aṣọ olódòdó ni wọ́n tẹ́ sí i, mo sì fura pé ti ìyàwó pásítọ̀ ni. Abọ́ irin ń dán, àlùmọ́gàjí wà nínú rẹ̀. Mo ń mú bírò jáde ni mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn.

"Kí nìyẹn?"

"Ewúrẹ́ ni mà," ni ọmọbìnrin náà sọ kíákíá.

Mo tẹ́tí. Ohùn náà tún dún, ó gùn, ó sì gbọ̀n ní ìparí.

"Ewúrẹ́ yín ń pe Jésù," mo ní.

Inú yàrá tí wọ́n ń kó páálí sí ni mo ti bá a, ọmọdébìnrin kan tó ti rọbí dé ìparí, lórí ẹní, láàárín páálí ìgbálẹ̀ àti àwọn pósítà wa lórí ìtọ́jú aláboyún. Nítorí pé mò ń bọ̀, wọ́n ti gbé tábìlì jáde. Nítorí pé mo ti dé, wọn kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì kíá. Ọmọbìnrin náà ní, "Mà, a yá aṣọ yẹn ni o." Mo fa aṣọ náà tu, mo jù ú síta lójú fèrèsé.

Màmá ti wọlé kí n tó bọ́ aago ọwọ́ mi. Ó di obìnrin náà lẹ́jìká mú, ó sì wò mí.

"Ìwọ lo gba òhun náà," ó ní. "Orí tábìlì ùn."

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí mo gbà lórí tábìlì káfíńtà ni. Mo wo ojú ọmọdébìnrin tó ń rọbí yìí. Mo ti kàwé lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gòkè láti ìpele dé ìpele, mo ti gba àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì ti kúrò lórí tábìlì, ó ti bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú tì mí bí mo ṣe ń wọ ibọ̀wọ́. Àmọ́ ọwọ́ kò gbàgbé. Orí ọmọ yọ, mo gbà á, ó ké, Màmá sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Uṣẹ́ rẹ nìyí," ó ní.

A kò tíì gé ìwọ́ tán nígbà tí ẹni tó ni píkọ́ọ̀pù kan ilẹ̀kùn. Kò tíì rí mi dáadáa. Ó ní kí a ṣe kíá, àwọn kan ń retí bẹ́ẹ̀dì níwájú, ọ̀gá Adó ò sì ní pẹ́ débẹ̀. Mo ní kí ó lọ sọ fún wọn pé ọ̀gá Adó wà lórí ìdúró, ẹ̀jẹ̀ wà lápá rẹ̀, ẹnìkan sì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lójú gbogbo wọn ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí: kò sí. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó ní wọ́n á lé òun níṣẹ́, wọ́n á ní òun ta bẹ́ẹ̀dì tó ti wà nínú ìwé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo mọ ẹni tí wọ́n máa bi.

Èmi ni wọ́n bi. Kúẹ́rì, ìwé ìbéèrè ẹ̀sùn, dé ṣáájú oṣù tuntun. Wọ́n so ẹ̀dà fọ́ọ̀mù àtijọ́ mọ́ ọn, èyí tí mo buwọ́ lù nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ní kí n ṣàlàyé ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì yìí kò sí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọ́fíìsì ní kí n kọ ọ́ pé àṣìṣe akọ̀wé ni. Mo kọ ọ́ pé mo ti mọ̀ kí n tó kun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pupa. Wọ́n gba àga dáìrẹ́kítọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi mí sí yàrá kan tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, níbi tí n kò ti lè ba nǹkan kan jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò tíì gbọ́, mo ṣì ń jókòó níwájú.

Bẹ́ẹ̀dì sì dé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé ti abúlé mi lọ. Mo wọ takisí dé Òkè-Ìmẹ̀sí, mo gun ọ̀kadà dé abúlé, n kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Tábìlì káfíńtà ni mo kọ́kọ́ rí, nínú yàrá ìgbẹ̀bí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin oníyúnífọ́ọ̀mù líle yẹn yọ̀ mọ́ mi, ó mú mi lọ sí yàrá páálí, ó ṣí kọ́kọ́rọ́ méjì. Bẹ́ẹ̀dì tuntun wà níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ nínú náílọ̀nù.

"Kí ló ń ṣe níbí?"

"A ń tọ́jú ẹ̀ de àlejò ni mà."

Mo ní èmi ni àlejò náà. Mo ní kó mú àlùmọ́gàjí wá kí n gé náílọ̀nù yìí kúrò. Ó wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n ti wá yá àlùmọ́gàjí lánàá, fún ilé ìlera kejì, torí àwọn ará Adó ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́la.

Eyín ni mo fi ya á.